Ọkùnrin tí Wọ́n Gé Lápá nínú Fíìmù Sámúráì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní ká wo fíìmù sámúráì náà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, èmi àti òun nìkan la wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Aboabo, ní Kùmásí. Ara mi kò balẹ̀. Ọdún kejì rèé tí àwọn olè ti fi àdá ṣá a lápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún kò sì lè di nǹkan mú mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí òmíràn ni?”

“Èyí ni mo fẹ́ wò.”

Ká sòótọ́, fíìmù náà dára. Ẹni tó ṣe é kì í kánjú. Kí akọni náà tó fa idà yọ, á dúró ṣinṣin, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ koríko, ìwọ tó ò ń wò ó á sé èémí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Wo bó ṣe ń tẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ mọṣẹ́.”

Nígbà tó yá, akọni kojú bí ogún èèyàn. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èrò tó tò sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń pa wọ́n, òógùn kan kò yọ lójú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó gé ọ̀kan lápá. Ìyẹn ké, ó ṣubú, fíìmù sì fi í sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dá a dúró. “Ẹni yẹn dà? Ta ló bá a di apá rẹ̀?”

Ó kọjú sí mi. “Irọ́ wọn nìyẹn. Irọ́ tìẹ náà sì nìyẹn.”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Èmi ni mo máa ń ròyìn ní mọ́sálásí pé ó bá olè mẹ́ta jà.

“N ò bá ẹnikẹ́ni jà,” ó ní. “Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. ‘Mepa mo kyɛw,’ ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi Twi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n má baà ṣá mi lórí ni mo ṣe gbápá sókè.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Inú rẹ máa ń dùn tó o bá ń sọ ọ́.”

Ojú tì mí. Ó tún tan fíìmù, a wò ó dópin.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá kan ní mọ́sálásí ní kí n wá ròyìn ìjà náà fún àlejò tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Mo ní mò ń kánjú. Bí mo ṣe ń wọ bàtà, mo gbọ́ tí bàbá náà fúnra rẹ̀ ń sọ ọ́, olè mẹ́ta ti di márùn-ún. Mo lè padà lọ sòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ó kúnlẹ̀? N kò bi í. Mo bá tèmi lọ.