Má-kánjú àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fojú Rí Rí

Ìró àkọ́kọ́ tí Má-kánjú rántí láyé ni kó-kó-kó ìka bàbá rẹ̀ lára táǹkì omi. Bàbá kì í ṣí ọmọrí. Yóò kàn án, yóò tẹ́tí, yóò sì sọ ibi tí omi dé.

Ọmọbìnrin náà dàgbà, ó di ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí kò fojú rí rí. Ilé ìwòsàn kan tó jìnnà ní ìrìn wákàtí mẹ́fà ló ni ín. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó àwòrán egungun àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn sí. Tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, yóò to àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ sínú fáìlì kan, yóò fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọ̀hún á sì máa ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìjanpata.

Àṣà rẹ̀ kan ń bí àwọn ará ọ́fíìsì nínú. Àṣẹ tó bá máa pa nǹkan rẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí kọ̀ǹpútà ka orúkọ ohun tó fẹ́ pa rẹ́ jáde. Ó ní ohun tí ojú ẹni kò tó, à á bi í léèrè ká tó fọwọ́ kàn án. Bó ṣe di Má-kánjú nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àyè tán nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwòrán tuntun kò wọlé mọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì ń dúró. Fódà àwòrán àtijọ́, tí wọ́n ti ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, ni wọ́n ní kó pa rẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í lẹ́yìn, ó ń wo aago, ó ní ṣé àwọn tó wà lórí ibùsùn á máa dúró de àṣà ni.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, sà."

"Má-kánjú, ìṣẹ́jú tìẹ a máa bímọ."

Má-kánjú fi àṣẹ kíka orúkọ ránṣẹ́. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọjọ́ àná ló wà lára èyí àkọ́kọ́. Ẹnìkan ti yí orúkọ fódà àtijọ́ padà lópin ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí ibẹ̀ wọ̀, ló bá dúró síbi tó wà, láàárín àwòrán àwọn tí wọ́n ń tọ́jú lọ́wọ́, àwòrán wọn ni ì bá sì pa rẹ́. Má-kánjú nàka sí i. Ọ̀gá fa àga, ó jókòó.

"Àǹtí," ni ọ̀gá wí, "ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Má-kánjú tún orúkọ fódà náà kọ sínú fáìlì àṣẹ, ó sì fi ìlà kan kún un: bí o kò bá rí ibi tí mo ní kí o wọ̀, jáwọ́. Ó tún ní kó ka orúkọ jáde. Ti àtijọ́ nìkan ló jáde. Ìgbà náà ló tó ní kó pa wọ́n rẹ́. Àyè ṣí, àwòrán tuntun ń wọlé, ọ̀gá sì jáde lọ pe ilé ìwòsàn.

Ó ku òun nìkan. Fáìlì àṣẹ mọ́kànlélógún ló ṣì wà tí kò ní ìlà yẹn. Ó ń ṣí wọn, ó ń kọ ọ́ sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago kan ọ̀san ti lù kó tó fi èyí tó kẹ́yìn pamọ́.