Gìgísẹ̀ Abo Ẹṣin Pupa

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Kanbàtà ti fi ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹṣin, tó ń gé pátákò, tó ń kan bàtà irin mọ́ ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè nà mọ́. Bó bá parí iṣẹ́, á rìn díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ kó tó lè gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní, "Bàbá ọmọ mi, gbogbo ẹṣin ló ń wọ bàtà tuntun, tiyín ti lu."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹṣin gígùn ránṣẹ́ pè é. Abo ẹṣin pupa rẹ̀ kò fẹ́ sáré mọ́.

"Ọ̀lẹ ló ń ṣe é, Bàbá. Ẹ ṣáà bá mi wo bàtà rẹ̀."

Bàbá ní kí wọ́n fà á rìn lórí kọnkéré. Ṣóńṣó pátákò ló fi ń kọ́kọ́ tẹlẹ̀, ó ń sá fún gìgísẹ̀. Nígbà tó dúró, ó na ẹsẹ̀ iwájú kan kó lè sinmi, ó tún fi ìkejì pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òní ni Bàbá kọ́kọ́ rí i. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ṣàkíyèsí pé ìgbésẹ̀ ẹṣin náà ti kúrú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Bàbá lọ́jọ́ náà. Ó kan bàtà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá ní kí wọ́n pe dókítà ẹran. Nígbà tí dókítà dé, ó ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ náà. Ó fi ìka tọ́ka sí egungun kékeré kan nínú pátákò, lápá ẹ̀yìn. "Eléyìí ti ń jẹrà. Kò ní san tán, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ lè dín kù. Iwájú pátákò ti gùn jù, gìgísẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Orí egungun yìí ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ ń bọ́ sí."

Nígbà tí dókítà lọ tán, Bàbá ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo jẹ́ kó gùn, kí n má baà bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ́."

Obìnrin náà fọwọ́ pa ọrùn ẹṣin náà. Ó wá ní, "Èmi náà ni mo ń fi pàṣán lé e."

Bàbá gé iwájú pátákò kúrú, ó fi awọ gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀, ó kan bàtà tó ká sókè níwájú. Odindi àárọ̀ ló gbà á. Ẹṣin náà gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn, kò yà kúrò.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Eré sísá ti tán fún un. Àwọn ọmọ tó kéré jù ló ń gbé rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí koríko. Bàbá sì fi méjì nínú àwọn ibùso ẹṣin tó ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún kanbàtà mìíràn.

"Ẹṣin tí mo bá kan bàtà fún," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "kí n lè wò ó rìn kí n tó kúrò níbẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́. N ò kàn sọ ọ́ ni."