Màámi Afẹsẹ̀rìn Wọkọ̀

“Jẹun díẹ̀ kí o tó wọkọ̀. Má jẹ àjẹkì. Èébì ò mọ ọ̀gá o!”

Ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ kẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, lórí fóònù. Ọmọ náà fẹ́ lọ kí i lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, níbi tí ìyá wà. Kó tó múra tán, ìyá ti dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń pa á lẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwọ̀! Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màámi Afẹsẹ̀rìn.

Aránṣọ ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yìí ló ń bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tó bá rán, ìdí nìyẹn tí Màámi fi ń pè é ní Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù. Ara obìnrin náà le koko. Kó tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀, omi ló ń kọ́kọ́ mu. Kò sí ibi tí kì í fẹsẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n gbé e sínú ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ ò ní í tíì rìn jìnnà tí itọ́ á fi kún ẹnu rẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ó di, “Dẹ́rẹ́bà, dúró!” Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, ojú ọ̀nà ló ti sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Wọ́n ṣègbéyàwó tán, ìyá ìyàwó kò sí níbẹ̀. Ó dùn ún dọ́kàn.

Ìgbà tí ọmọ náà wá bímọ, ó pè é.

“Màámi, imú yín ló gbé wá sáyé.”

Ìyá fò sókè láàárín ṣọ́ọ̀bù. “Mò ń bọ̀!”

“Ẹ ó fẹsẹ̀ rìn wá ni?”

“Ọkọ̀ ni màá wọ̀. Ṣé o gbọ́? Ọkọ̀!”

Ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwọ̀ bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó bọ́ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fẹsẹ̀ rìn padà. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀kan kún un. “Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,” ló ń wí, tó ń rún atalẹ̀ lẹ́nu. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti dá a mọ̀.

“Màámi, ẹ ti dé ọ̀hún ni, àbí ẹ ṣì ń kí ọ̀nà?”

“Gba owó ẹ, kí n má bì sí ẹ lára!”

Ṣùgbọ́n ojú kan ló wà. Tó bá ti di ibùdókọ̀ kẹrin, èébì dé. Ó pa oúnjẹ elépo tì, búrẹ́dì gbígbẹ ló ń jẹ. Pàbó. Ó ń tètè sùn. Pàbó. Ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá ní òun á bá a lọ.

Wọ́n jókòó báyìí, Màámi fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ń ká etí aṣọ oníbàárà. Bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà ọmọge rẹ̀ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, aránṣọ kì í káwọ́ gbera. Ó dorí kodò, ọkọ̀ ń mì, abẹ́rẹ́ náà ń mì.

“Màámi, ẹ gbé e sílẹ̀.”

“Ṣé ìwọ lo máa bá mi ṣe é?”

“Ẹ wo iwájú. Ẹ wo ọ̀nà bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń wò ó. Ṣé ẹ ti rí dẹ́rẹ́bà tó ń bì rí?”

Ó rò ó. “O ò kúkú parọ́.”

Ó gbójú sókè. Ibùdókọ̀ kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ọkọ̀ gbé wọn títí dé òpin ọ̀nà, níbi tí dẹ́rẹ́bà ti pa ẹ́ńjìnnì. Màámi bọ́ sílẹ̀, ó jó yí bọ́ọ̀sì ká.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá a lọ. Iwájú ni Màámi jókòó sí, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró simi, ó ń ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó bí ẹrù, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn!” Ó fọ ọwọ́, ó ra ọsàn, ó ní kí ọlọ́sàn má bó o. “Ọwọ́ ara mi nìkan ni mo mọ ibi tó ti dé.”

Ọ̀nà jìn. Aṣọ ọmọ tuntun wà nínú báàgì rẹ̀, etí kan ṣì kù tí kò tíì ká. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀, abẹ́rẹ́ ti jáde. Kọ́nà kan dé, ọkọ̀ yí bìrí. Ojú Màámi yí.

“Ọ̀gá Áyọ́ọ̀nù…”

Dẹ́rẹ́bà dẹ eré. “Ṣé kí n dúró, Màámi?”

Bí Màámi bá sọ̀kalẹ̀, kò ní í gòkè mọ́. Ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀.

Màámi ti aṣọ náà mọ́ ọn láyà. “Gbà. Má fún mi mọ́, kódà bí mo bá ń bú ẹ!” Ó di àga mú, ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń mí. “Dẹ́rẹ́bà, máa wa ọkọ̀ ẹ!”

Ó pẹ́ díẹ̀. “Fún mi láṣọ yẹn.”

“Rárá.”

“Olórí kunkun.”

“Ẹ wo iwájú.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Màámi kò tilẹ̀ kí i. “Mi ò bì! Mo ní mi ò bì o!” Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó fọ ọwọ́, ó gba ọmọ. Wọ́n wọ aṣọ tí Màámi rán fún ọmọ náà, òwú ń já bọ́ létí tí kò tíì ká. Kò sẹ́ni tó rí i.

Màámi dúró tì wọ́n níbẹ̀ títí ọmọ fi ń rìn. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú Màámi lọ.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó sún ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò tíì sún láti ìgbà tí ìyá ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgékù aṣọ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá wọn jọ, ó ń kó wọn sínú àpò, kò da ọ̀kankan nù.