Ẹnu Mi Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Òórùn eruku tó máa ń jáde lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá ti gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú agbo ilé wa ní Minanata, ní Sokoto, ọkọ mi tó ń ṣe wẹ́dà ló ni ín. Lọ́sàn-án, tí àwọn ọkọ bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn obìnrin Hausa tó yí wa ká á wá tẹ́ ẹní, wọ́n á ní kí n fi fíìmù Yorùbá sí i. Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Èmi ni màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí màá máa túmọ̀ gbogbo ẹ̀ sí Hausa, ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ olè. Bí mo bá sinmi díẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, “Me ta ce?”, kí ló wí? Mo ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ni fíìmù. Tí ìyàwó kan bá ti ń sunkún jù, màá fi ọ̀rọ̀ dídùn sẹ́nu ọkọ rẹ̀ kí ara lè tù wá. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tó yá, fóònù dé, kálukú ń wo tiẹ̀. Ọkọ mi kú, Sokoto níbí la sin ín sí. Ọmọ mi ọkùnrin tó kọ́lé sí Ìlọrin wá ń pè mí, ó ní yàrá mi ti ṣe tán, òun ń bọ̀ wá kó mi lọ sílé. Sokoto ni wọ́n bí mi sí. Ní Ìlọrin, bí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní Gàmbàrí ti dé. Níbí, Bayarabiya, obìnrin Yorùbá, ni mo jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pè, “Kò burú, ọmọ mi” ni mò ń wí. Tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ara mi ò ní balẹ̀ mọ́. Màá di ẹrù, màá tú u. Màá gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ tó kọ́lé fún un pé òun ò fẹ́.

Àsìkò yẹn ni ọmọbìnrin kan, ọmọ oníbúrẹ́dì àdúgbò Gidan Igwai, gbé kámẹ́rà wá bá mi. Ó wà lára àwọn ọmọ tó máa ń jókòó síbi ẹsẹ̀ mi láyé fíìmù, ó sì ti lọ kàwé iṣẹ́ ọnà. Ó ní kí n túmọ̀ fíìmù àtijọ́ kan bí mo ṣe máa ń ṣe é, kí òun máa ya ojú mi. Mo ní ta ló fẹ́ wo ojú arúgbó. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin gan-an ni fíìmù tí a wá ń wò.” Mo mọ̀ pé ó ń tàn mí, ṣùgbọ́n mo lọ wọ híjàábù mi tó dára jù.

Nínú fíìmù ọ̀hún, ọmọ kan fi mọ́tò wá gbé ìyá rẹ̀ arúgbó kúrò lábúlé. Ìyá náà ní, “Ó dáa, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ.” Mo ti ń túmọ̀ bọ̀ geere. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnu mi kàn sọ ọ́ ni: “Ba inda zan je. Nan ne gidana.” Mi ò lọ síbì kankan, ibí ni ilé mi. Ọmọ oníbúrẹ́dì ò dá kámẹ́rà dúró.

Ó gbé e hàn nínú ilé ìtọ́jú ọkà àtijọ́ kan ní Kofar Marke. Ó to tẹlifíṣọ̀n méjì kojú ara wọn: fíìmù ń lọ nínú ọ̀kan láìsí ohùn, ojú mi àti ohùn mi wà nínú èkejì. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní láàárín, wọ́n ń yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọmọ mi ti dé láti Ìlọrin, àpò mi ti wà nínú bùútù mọ́tò rẹ̀, ó ní a ò ní lọ láì wo Màmá òun nínú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò lè jókòó. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Ó ń ṣe mí bíi kí n fa wáyà iná yọ.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, torí ó mọ fíìmù náà láti kékeré, ó sì gbọ́ Hausa bí èmi náà. Aládùúgbò mi kan ń sọ fún un lédè Hausa pé, “Ṣé o rò pé a ò mọ̀ pé ìyá rẹ ń fi tiẹ̀ kún un? Ọkọ wo ló ń bẹ ìyàwó tó bẹ́ẹ̀ yẹn?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni fíìmù ti débi mọ́tò. Nínú tẹlifíṣọ̀n apá ọ̀tún, ìyá arúgbó wọ mọ́tò. Ojú mi, ní apá òsì, ní òun ò lọ síbì kankan.

Ẹ̀rín ọmọ mi dáwọ́ dúró. Ó wo ìyẹn, ó wo èyí.

“Màmá, ohun tí ìyá yẹn sọ kọ́ nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

A padà sílé. Ó gbé àpò mi jáde nínú bùútù, ó gbé e síwájú yàrá mi, ó ní ebi ń pa òun.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Ó wá kàwé ní Sokoto, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, kò sì tíì gbọ́ Hausa dáadáa. Tí fíìmù Hausa bá ń lọ lórí fóònù rẹ̀, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Ara mi ò tíì balẹ̀ tán o. Bí bàbá rẹ̀ bá pè, mo ṣì máa ń rìn káàkiri yàrá. Wọ́n ní wọ́n ń gbá yàrá mi ti Ìlọrin lójoojúmọ́, mo sì máa ń bi ara mi pé, bí mo bá débẹ̀, ta ni màá máa túmọ̀ fún? Lánàá, ọmọ yìí dá fíìmù dúró, ó wò mí lójú: “Màmá àgbà, ṣé ohun tó sọ nìyẹn lóòótọ́?”

Mo ní kó jẹ́ kí fíìmù máa lọ.