Ọkọ̀ Bàbá Mi Há Sínú Ímeèlì Ìjọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ọ̀fẹ́ fojú mi rí lóṣù tó kọjá. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o, torí ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi.

Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn géèmù. Ilé ìtajà géèmù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń fi géèmù kan tọrẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ó di tiyín. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́! Ọ̀pọ̀ nínú wọn, mi ò ṣí i wò rí. Ṣé dátà Warri yìí lèèyàn á fi máa dáńlóòdù gbogbo ìyẹn?

Ọ̀kan nínú wọn ló wá di ti bàbá mi. Apẹja ni wọ́n, ọmọ Ìlàjẹ, orí omi ni wọ́n ti lo ayé wọn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, mo bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ekurede, ní Warri níbí. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo àjà lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí géèmù kan fún wọn tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja. Bàbá sọ ọkọ̀ náà ní Ìyá Bọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń pe màmá mi tó ti dolóògbé. Èmi ni Bọ̀sẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń pẹja. Nígbà tó yá, ìka ọ̀tún tí kì í mira bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Àfi bí òjò ṣe jò sórí láptọ́ọ̀pù! Ẹni tó bá mi tún un ṣe lọ́jà Igbudu nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Mo ní kò burú, ṣebí gbogbo nǹkan wà nínú àkáǹtì mi? Nígbà tí mo fẹ́ wọlé, ilé ìtajà géèmù ní àwọn ò dá kọ̀ǹpútà yìí mọ̀, pé àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Ímeèlì wo? Yéè! Ímeèlì ìjọ!

Ẹ má bú mi. Lọ́dún tí mo ṣí àkáǹtì yẹn, èmi ni akọ̀wé ìjọ Yorùbá tí mò ń lọ. Ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ náà fẹ́ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ímeèlì ìjọ ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi, mo bá lò ó. Mo ní màá yí i padà lọ́la. Ẹ mọ bí ọ̀la ṣe máa ń rí. Ní ìjọ wa, ọdọọdún la máa ń pààrọ̀ ipò: ẹni tuntun á gba kọ́kọ́rọ́, á pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, a ó gbàdúrà fún un, ó parí.

Ṣé kí n ṣí àkáǹtì tuntun ni? Wọn ò fi géèmù náà tọrẹ mọ́, wọn ò tiẹ̀ tà á mọ́! Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá là mí lóye pé àṣẹ láti ṣeré ni wọ́n fún wa, wọn ò fún wa ní géèmù.

Mo tọ Brother Sámúẹ́lì lọ, akọ̀wé tuntun. Warri ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, Pidgin ló fi ń fèsì. Kí n tó lanu, ó ti ń ṣàròyé: “Sister, dis church mail get problem o! Every Thursday dem dey thank us for wetin we no collect. Na Yahoo people enter am!” Ó ní òun ti fi tó àwọn alàgbà létí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀ tí èmi náà gbà! Wọ́n ní ká gbógun ti ọ̀tá tó wọnú ìjọ, mo sì ṣe àmín tagbáratagbára.

Ojú tì mí. Mo ní mo kàn wá kí i ni, mo bá tèmi lọ.

Nílé, Bàbá ń bèèrè Ìyá Bọ̀sẹ̀. Mo ní wọ́n ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò bèèrè mọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí itan, wọ́n ń wo àjà. Ọkàn mi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn alàgbà, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni ọ̀tá náà. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n! Alàgbà kan tóun náà jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ní òun gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ ọ̀hún. Bí òun àti Sámúẹ́lì ṣe tẹ̀ lé mi dé ilé nìyẹn. Sámúẹ́lì ń ka kóòdù láti orí fóònù rẹ̀, èmi ń tẹ̀ ẹ́. “E don enter!” Ìyá Bọ̀sẹ̀ yọ, bá a ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́.

Alàgbà ní bí Bàbá ṣe ń ju àwọ̀n kò dáa, wọ́n nawọ́ kí wọ́n gbà á ṣe. Bàbá fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún o!

Ojú ẹsẹ̀ ni mo yí ímeèlì padà sí tèmi, mo wá ń fọ́nnu pé ọkọ̀ ti di tiwa. Bàbá bi mí bóyá ọwọ́ wa ni okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ èbúté wà. Mo sọ òótọ́: orí kan wà lọ́wọ́ wa, orí kejì ṣì wà lọ́wọ́ ilé ìtajà, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè fà á. Bàbá mirí. Wọ́n ní ẹni tí okùn ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lọkọ̀, ká sún sẹ́yìn, kí àwọn tètè pẹja tòní.

Ẹ yáa gba ọ̀fẹ́ yín o. Èmi náà á tẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀! Ṣùgbọ́n ímeèlì ara yín ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti bọ́ lọ́wọ́ yín rí tẹ́ ẹ rò pé tiyín ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí ká jọ gbọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ wo ẹni tí okùn ọkọ̀ tiyín wà lọ́wọ́ rẹ̀.