Bàbá Àlejò àti Kíláàsì Ọlọ́mọ Kan

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Àlejò ni ti ọjọ́ tí alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ wọ kíláàsì rẹ̀. Ìṣirò gíga ni Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama. Àga kan ṣófo níwájú. Bí alábẹ̀wò ti fẹ́ fi ìdí lé e, Bàbá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má jókòó síbẹ̀. Àlejò wa ló ni àga yẹn."

"Àlejò wo?"

Bàbá nawọ́ sí lẹ́tà x lójú pátákó. "Àwọn nìyẹn. A ò tíì mọ̀ wọ́n."

Alábẹ̀wò dúró. Bàbá ṣí fìlà nítorí àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìdọ́gba náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú irun ọmọ tí orí ń fọ́. Ẹsẹ̀ ti ń ro alábẹ̀wò gidi kí ìdáhùn tó jáde: òdo dín mẹ́rin. Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà. "Ẹni tí kò tó òdo," ó ní, "kí ni yóò fi àga ṣe? Ẹ jókòó, sà."

Ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ náà. Òun ló mọ òfin Bàbá jù: a kì í pe ẹni tí a ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní "ìwọ". Nítorí náà, "wọ́n" ni x ń jẹ́ títí a ó fi mọ iye tó jẹ́. Bí x bá di àádọ́rin, ọ̀wọ̀ ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di mẹ́ta, ojú Bàbá á le koko. "Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ni gbogbo wa ti ń kí láti àárọ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ nínú ìdánwò pé, "Wọ́n jẹ́ méje." Bàbá fa igi lé e. Ọmọ náà fárígá pé méje ni ìdáhùn. "Méje ni lóòótọ́," ni Bàbá wí. "Ìṣirò rẹ pé. Ìkíni rẹ ni kò pé."

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù x máa ń ba ọmọ aránṣọ. Láti ìgbà tí x ti di àlejò ni ẹ̀rù náà ti sá, nítorí ta ni í sá fún àlejò nínú ilé ara rẹ̀? Ìṣirò gan-an ni ó wá fẹ́ lọ kà ní yunifásítì.

Ṣùgbọ́n àwàdà kì í sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà le, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń yọ́ lọ síbi tó rọrùn, títí ó fi ku òun nìkan. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wí fún Bàbá pé, "Bí ọmọ yìí bá fi lè lọ, mo ti kíláàsì yìí pa nìyẹn." Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni aránṣọ ní kí ọmọ òun fi í sílẹ̀, kí ó wá máa lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá lọ bá bàbá ọmọ náà níbẹ̀. Aránṣọ kò gbé ojú kúrò lára máṣíìnì.

"Tíṣà, kí ni ẹ ń kọ́ ọmọ mi gan-an?"

"À ń wá x ni."

"Níbo ló sọnù sí?"

"Wọn ò sọnù. A kàn ò tíì mọ̀ wọ́n ni."

"Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ mi fi odidi ọdún méjì wá ẹni tí kò sọnù?"

Bàbá ṣí fìlà fún un. "Aránṣọ," ó ní, "n ò rí èsì fọ̀ sí i. N ó padà wá lọ́la."

Ó padà wá lóòótọ́, ó sì ń wá lójoojúmọ́ bí ilé-ìwé bá ti parí. Ó ní bí ọmọ kò bá lè wá sí kíláàsì, kíláàsì ní ẹsẹ̀. Kò sí pátákó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi ẹfun aránṣọ kọ ìṣirò sórí aṣọ dúdú tó bá wà lórí tábìlì, bí ọmọ náà ti ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra o, sà, aṣọ oníbàárà ni," ni ọmọ náà wí.

"Kí àwọn náà rí nǹkan kọ́."

Kò pẹ́ tí agbẹjọ́rò kan fi já wọ ṣọ́ọ̀bù nínú ṣòkòtò dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un. "Aránṣọ, láti àárọ̀ ni àwọn akọ̀wé kóòtù ti ń tẹ̀ lé mi kiri, tí wọ́n ń ka ìdí mi. Kí ni ẹ kọ síbẹ̀?"

Ọmọ aránṣọ bẹ̀ ẹ́ kó yíjú sí ògiri, ó sì kà á látòkè délẹ̀. "Ó tọ̀nà, sà," ó ní, "ṣùgbọ́n ìyókù wà lẹ́sẹ̀ òsì."

Nírọ̀lẹ́, aránṣọ ń dúró de Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa mú un lọ. Kó máa bá yín wá ẹni yòówù tí ẹ bá ń wá, ẹ ṣáà fi ṣòkòtò oníṣòkòtò sílẹ̀."

"Ẹ ò ní yí ọ̀rọ̀ padà?"

"N ò ní yí i."

"Ó dára," ni Bàbá wí, ó sì dá ẹfun padà sórí tábìlì. "Ẹ̀wù dúdú tó wà níbẹ̀ yẹn ti ń wọ̀ mí lójú láti àná."

Odidi ọdún ni ó fi kọ́ ọmọ kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ kò sì fi ìgbà kan lọ sílẹ̀ ju ti ẹni tó ń kọ́ ogójì lọ. Ọmọ náà yege. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ mìíràn wọlé nítorí ìtàn ṣòkòtò, ìṣirò sì dá wọn dúró. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ọmọ aránṣọ tó ti yunifásítì dé ló fa kíláàsì lé lọ́wọ́.

Nígbà tí Bàbá di olóògbé, aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ kí opó rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni aránṣọ yẹn?" ni ìyá náà bi í. "Ó ní gbogbo ẹni tó bá òun jiyàn, ẹ̀yin nìkan lẹ borí òun."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Aago mélòó ni kíláàsì yín lọ́la?" Ọmọ rò pé ìgbà tí òun yóò délé ni ó fẹ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọmọ aránṣọ ti kẹ̀yìn sí pátákó, ó rí bàbá rẹ̀ ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá, láàrin àwọn ọmọ, téèpù lọ́rùn. Ọmọ náà kọ́ wọn bí Bàbá Àlejò ti kọ́ òun, tòun ti ìkíni x. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò yé aránṣọ rárá. Ojú rẹ̀ fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì dìde títí aago fi lù.