Tánkíù Bàbá Mùíbì

Wòsílátù kì í ṣe obìnrin tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn. Ní nǹkan bí ọdún 1955, wọ́n dá ẹ̀kọ́ àwọn àgbà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní Ifọ̀, Hàkímù ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè náà sì lọ forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn ò bí Wòsílátù nínú. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà bó bá ti dé ló ń dẹ́rù bà á.

"Ìyá Mùíbì, plíìsì, bu omi fún mi." Ó bu ú. "Tánkíù."

Plíìsì kẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọlé, àṣẹ ni Hàkímù fi ń gba omi. Wòsílátù sì mọ àwọn ọkọ dáadáa: èyí tó bá ń bẹ ìyàwó rẹ̀ láìṣẹ̀, ó ti ṣẹ̀ níbì kan, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni baálé ilé kejì ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ìyálé rẹ̀ kó tó gbé Sùwéébátù wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì. Wòsílátù wá ń tú àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ó ń gbóòórùn fìlà rẹ̀ bóyá òórùn obìnrin wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn ló tún jẹ́ kó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

Ọjọ́ tí Hàkímù dúpẹ́ nítorí ẹ̀bà lásán, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó gba ilé Màmúdù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, lọ, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó lé mi lórí!"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Màmúdù kó ẹbí jọ, wọ́n ní kí Hàkímù sọ tẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Kò sí ìyàwó kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà ló ní òyìnbó kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó má dúpẹ́, títí kan ìyàwó rẹ̀. Mo rò ó wò, n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mùíbì rí. Ojú ń tì mí láti fi Yorùbá sọ ọ́, ni mo ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Màmúdù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pe Hàkímù ní òyìnbó Ifọ̀. Hàkímù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Hàkímù padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. "Bu omi wá." Wòsílátù a bu ú, a sì dúró díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àìgbọ́ tánkíù náà ń dùn ún gan-an. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ta ọgbọ́n sí i, ó ní, "Bàbá Mùíbì, ẹ ò wá ní sọ ọ́ mọ́ ni?"

Hàkímù mu omi tán, ó na ife sí i.

"Kí n sọ kí ni? Kí o tún lè lọ kó ẹbí lé mi lórí?"